Sàlímọ́tù Nínú Ilé, Salimata Lóde

Ìyá tó bí ìyá mi ti kú. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè, kó yáa wá ẹlòmíràn lọ. Ìyá Àgbà kéré, ó tín-ín-rín, kò sì sí ohun tó jọ erin lára rẹ̀ àfi etí. Etí rẹ̀ tóbi. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ojúlé kẹta, ó sì ń bẹ̀rù gbogbo rẹ̀.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tó wá bá wa ṣe fìdáù rẹ̀ ń sọ fún mi pé, "Àmínátù, fara balẹ̀, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀." Mo ní àmín. Nínú ikùn mi, mo ní, ẹrù kẹ̀? Ẹ̀rù ló gbé sọ̀, orí èmi ló sì gbé e sọ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Rùkáyà kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá Àgbà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá lójú títì, òun náà ló wá kọ́ ọmọ yìí ní Yorùbá, Yorùbá nìkan, tó sì kú. Faransé tí ọmọ náà gbọ́ kò ju "bonbon", ìyẹn súìtì, lọ. Ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ẹni tó ń kéde ọjà. Báyìí, ìbò ń bọ̀. Bí ìbò bá sì ti ń bọ̀ ní Abidjan, "ibo" náà ni ìbéèrè: ará ibo ni ẹ́, ibo ni bàbá rẹ ti wá, ibo lo máa padà sí? Ní ọjà Adjamé, níbi tí mo ti ń ta abọ́ àti garawa, ọkùnrin tó ń ta fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí a ti jọ ń jẹ attiéké nínú abọ́ kan náà láti ìgbà tí mo ti gba ìsọ̀, dédé wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Amina, toi là, tu es quoi même?" Pé kí ni mí gan-an. Mo ní garawa ni mí. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo tètè kó garawa mi wọlé lọ́jọ́ náà.

Ṣé kí n pa Yorùbá mọ́ Rùkáyà lẹ́nu bí Ìyá Àgbà ṣe pa á mọ́ wa lẹ́nu, àbí kí n fi í sílẹ̀ kó máa kéde? Òun ni mi ò rí ìdáhùn sí. Mo wá ní kí n kọ ohun tí mo rántí nípa ìyá náà sílẹ̀, bóyá màá rí i níbẹ̀.

Sàlímọ́tù ni orúkọ rẹ̀. Ìyẹn nínú ilé. Bó bá ti fi ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà, ó di Salimata. Orúkọ kan náà ni. Bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń pè é nìyẹn, bí Jùlá, àwọn oníṣòwò láti àríwá ilẹ̀ yìí, ṣe ń pè é nìyí. Ìyá Àgbà ní àánú Ọlọ́run ni, pé Ó fún òun ní orúkọ tó ní ẹ̀wù méjì. Ó bá gbogbo wa rán ẹ̀wù kejì. Èmi Àmínátù di Aminata, ẹ̀gbọ́n mi Làmídì di Hamed. Attécoubé la ti dàgbà, lórí òkè tó dojú kọ ọ̀sà, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé débi pé aládùúgbò rẹ ló máa sọ fún ọ pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Àmínátù lójú títì níbẹ̀, mi ò gbọdọ̀ yíjú. Lọ́jọ́ kan ìyá mi gbàgbé, ó ń pè mí, "Àmínátù! Àmínátù!" Mo rìn lọ bí adití. Ó sáré bá mi, ó gbá mi létí. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà pọ́n mi lé bí ọba, ó bu ẹja fún mi, ó ní, "Má dá ìyá rẹ lóhùn. Orúkọ tí o kò bá jẹ́ kò lè mú ọ."

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: obìnrin tó ń sá pamọ́ yìí, ó kọlà! Ilà gbọọrọ gbọọrọ, láti ẹ̀bátí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Wọ́n ti kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí i lójú kó tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó dà bí ẹni tó lọ sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gàdàgbà. Ó ní ìdáhùn fún ìyẹn náà: Sénoufo lòun, ẹ̀yà onílẹ̀ láti àríwá. Àwọn Sénoufo náà ń kọlà, ta ló sì máa wá ka ilà wò?

Ọ̀rọ̀ náà gún régé títí di ọjọ́ tí Sénoufo gidi kan yà ra abọ́ ní ìsọ̀ Ìyá Àgbà, níbi tí mo ti ń bá a tajà. Ojú obìnrin náà bọ́ sí ti Ìyá Àgbà, inú rẹ̀ dùn, ó sì da Sénoufo bò ó bí ẹni da omi sí ọgbà. Ìyá Àgbà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ó fi ìka júwe eyín. Obìnrin náà káàánú rẹ̀ gan-an. Ó fi ẹrù rẹ̀ tì wá, ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú èèpo igi kan tí wọ́n fi ń wo eyín ríro. Kò lọ o. Ó dúró ti Ìyá Àgbà títí ó fi rún un tán. Èèpo náà korò débi pé òórùn rẹ̀ lásán ń fún mi lẹ́nu. Ìyá Àgbà ń rún un, omi ń jáde lójú rẹ̀, nítorí eyín tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí obìnrin náà ṣe yà, mo ṣubú lé orí garawa, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ìyá Àgbà tutọ́, ó nu ẹnu. Ó ní, "Rẹ́rìn-ín dáadáa. Irọ́ kò burú tó kí wọ́n ṣoore fún ọ nítorí rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbàgbé èékánná rẹ̀. O lè jókòó jẹ́jẹ́ kí o máa ṣa ẹ̀wà, ó máa kọjá lẹ́yìn rẹ bí ẹni tó ń lọ bu omi, ó máa já ọ léèékánná níbi tí ẹran apá ti rọ̀ jù. Kì í ṣe pé o ṣẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ bí o ṣe máa ké ni. Bí o bá ké pé "Éh, maman!" bíi ti gbogbo ọmọ Abidjan, ó máa gbá ọ mọ́ àyà. Bí o bá ké pé "Yéè!", òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Éh" àti "Yéè", ẹ wò ó, kí ló wà láàárín wọn? Ìyá Àgbà ní ẹ̀mí èèyàn ló wà láàárín wọn. Làmídì ló yára mọ̀ ọ́n jù lọ nínú wa. Lọ́jọ́ kan ó ké "Éh, maman!" tó mọ́ kedere bí ọmọ tí wọ́n bí sí ààfin ààrẹ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Inú Làmídì dùn púpọ̀, ló bá fi kún un pé, "Ẹ ṣé o, Ìyá Àgbà." Ó gba èékánná kejì nítorí ìmoore.

Mo bi í lọ́jọ́ kan kí ló dé. Mo ti ń rò pé orí rẹ̀ ni kò pé. Ó ń fọ àwọn abọ́ tánganran tó máa kó lọ sọ́jà, kò gbójú sókè.

Ó ní kí òun tó dé Abidjan, òun àti ẹ̀gbọ́n òun kan, Mùfú, ti gbé ní ìlú mìíràn. Kò fẹ́ kí á máa dárúkọ ìlú náà nínú ilé. Ibẹ̀-yẹn ló ń pè é, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ orogún. Wọ́n jí lọ́jọ́ kan ní Ibẹ̀-yẹn, wọ́n gbọ́ pé kí gbogbo àlejò kó ẹrù wọn. Mùfú kò lọ. Ó gbọ́ èdè ibẹ̀ ju àwọn tó ni ín lọ, èdè yẹn ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà tí àwọn onílùú fi ń rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí àwọn tó ń wá àlejò kiri wọlé, ó jókòó nídìí iná pẹ̀lú onílé wọn, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà pé ọmọ ilé ni. Ìyá Àgbà, ọmọdébìnrin nígbà náà, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ wọn ló ń rí. Ó rí i tí ẹsẹ̀ náà yí padà, tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Ni ẹyin iná kan bá ta láti inú ààrò, ó bà lé Mùfú lẹ́yìn ẹsẹ̀. Mùfú ní, "Yéè, ìyá mi ò!"

Àwọn ẹsẹ̀ náà dúró.

Wọ́n mú un lọ. Kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀ títí dòní. Ìyá Àgbà kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó da omi abọ́ nù, ó ní, "Èdè tí èèyàn fi ń tajà kọ́ ló fi ń ké."

Láti ọjọ́ náà, mi ò bínú sí èékánná rẹ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ló wá burú. Tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló ń bẹ̀rù, èmi ń rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí a di méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè bo ẹnu sùn, kí n má baà lálàá ní Yorùbá kí aládùúgbò gbọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà fún un: Ìyá Sikirá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìyá Sikirá sanra, ohùn rẹ̀ sì sanra jù ú lọ. Láràárọ̀ ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí yóò pariwo, "Sàlímọ́tù oooo! Ṣé o jí ire?" Ìyá Àgbà kò ní dáhùn. Òde ni, Salimata ló wà lóde. Ìyá Sikirá á tún pè. Ìyá Àgbà á máa gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Títí wọ́n fi bára wọn jà, ìjà tó kan odò, ó kan ọ̀nà, tí wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí àwọn àgbà parí ìjà náà, Ìyá Sikirá ní, "Kí ni kí n bá a parí? Mo kí i ni. Ṣé ìkíni ti di èébú ní ilẹ̀ yìí?" Ìyá Àgbà ní, "Ó ń fi mí hàn." Ìyá Sikirá ní, "Hàn fún ta? Ojú rẹ ńkọ́, ṣé o máa fi sílé ni?"

Ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà gbé ẹ̀wà kaná, ó sì lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Ìyá Sikirá jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí pé wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, èmi tó ń ṣeré níta ló kọjú sí, ó sì pariwo tí gbogbo Attécoubé fi gbọ́: "Aminata! Bí Salimata kò bá sí nílé, bá mi sọ fún Sàlímọ́tù pé ẹ̀wà rẹ̀ ń jóná!"

Òótọ́ ni. Ẹ̀wà náà jóná kanlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí mo ti ń sá fún.

A ti kó lọ sí Williamsville nígbà náà, mo sì ti di ọmọge. Ọdún tí ìlú dàrú ni, tí ìbọn ń dún, tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọkùnrin fi táyà àti tábìlì dí títì, tí wọ́n ń bi èèyàn pé ta ni. Èmi àti Ìyá Àgbà ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Adjamé, a ru ìwọ̀nba abọ́ tí a lè kó kúrò ní ìsọ̀. Wọ́n dá wa dúró. Orúkọ? Salimata. Aminata. Ẹ̀yà? Sénoufo. Wọ́n wo ilà rẹ̀, wọ́n ní, "Passez, la vieille," pé kí ìyá arúgbó máa kọjá. A kọjá. Mo ti ń mí.

Lẹ́yìn wa ni wọ́n ti mú ọkùnrin kan. Faransé rẹ̀ ń tàsé. A gbọ́ tí igi balẹ̀ sí egungun ojúgun rẹ̀, a sì gbọ́ ọ: "Yéè! Ẹ gbà mí o!"

A mọ ohun tí a ti kọ́. A kì í yíjú. Mo fa ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ọwọ́ náà ti di òkúta. Mo rọra sọ fún un ní Faransé pé kí á máa lọ. Kò gbọ́. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni Sàlímọ́tù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yíjú, ó sì la ẹnu ní àárín títì, ní Yorùbá:

"Ta ló ń lu ọmọ mi?"

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mais la vieille, o ní Sénoufo ni ẹ́!"

Ó fi Jùlá dá a lóhùn pé, "Mo purọ́. Ẹ wo ojú mi. Wọ́n kọ ibi tí mo ti wá síbẹ̀. Ẹ ò mọ̀wé ni?"

Wọ́n mú wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, àwa àti ọkùnrin náà. Wọ́n ta àwọn abọ́ wa nípàá, wọ́n ń dún gbàràràrà lọ sínú gọ́tà. Ọ̀kan mú ìgò kan lọ́wọ́, òórùn ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti omi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta epo ọkọ̀. Mi ò lè sunkún. Ẹ̀rù bà mí pé Yorùbá ni màá fi sun ún. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń mi orí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó ń ṣe tẹ̀sùbáà. Èmi tó sún mọ́ ọn gbọ́ ohun tó ń sọ: "Ọmọ àlè ni yín. Ìyá yín kábàámọ̀. Ilẹ̀ á gbé yín mì, ẹ ò ní fojú kan ọmọ tiyín." Àwọn ọmọ náà rò pé àdúà ni. Ọ̀kan tilẹ̀ ń ṣe "Amina, Amina" tẹ̀ lé e, bí Jùlá ṣe ń ṣe àmín. Ọlọ́run máa dárí jì mí, èmi tí mo ń kú lọ níbẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí.

Bàbá kan tó ń gbé àdúgbò náà ló gbà wá sílẹ̀. Ó jáde láti ilé rẹ̀, ó rí obìnrin arúgbó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwé gèlè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ náà lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé ṣé kí òun lọ pe ìyá wọn wá wò ó. Ojú tì wọ́n. Wọ́n ní kí á lọ. Ọkùnrin tí a tìtorí rẹ̀ jókòó sínú oòrùn fọn sáré, kò kí wa, kò wẹ̀yìn. Bàtà rẹ̀ kan ló dúró dá wa lóhùn.

Mo bi í lójú ọ̀nà pé, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

A délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìró rẹ̀ tutù fún ìtọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ní, "Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dákẹ́."

Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má fi mí kọ́gbọ́n o, Àmínátù. Ohun tí mo ṣe lónìí, o ò gbọdọ̀ ṣe é láéláé." Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ń bọ́jú lọ́wọ́, ó sì já mi léèékánná.

Nígbà tí ogbó dé, èdè bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára rẹ̀. Faransé ló kọ́kọ́ lọ, kò sì pọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kí i láàárọ̀ ní Jùlá, bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni tó ń wo ìran, ó ní, "Kí ni ó wí?" Ó ku Yorùbá nìkan. Mo máa ń fi Rùkáyà tì í lábẹ́ òrùlé kékeré iwájú ilé nígbà tí mo bá lọ sọ́jà. Bí mo bá ń bọ̀, láti ìkóríta ni màá ti máa gbọ́ wọn, ohùn gbígbẹ kan àti ohùn kékeré kan, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa jẹ orí ẹja, ní Yorùbá tó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Gbogbo Williamsville ń gbọ́. Màá sáré débẹ̀, màá ní, "Ìyá Àgbà, ẹ rọra sọ̀rọ̀, òde la wà o."

Á wò mí tìyanu tìyanu. "Òde wo? Ilé bàbá mi kọ́ nìyí?"

Kò sí ẹ̀rù kankan lójú rẹ̀. Èékánná rẹ̀ gùn, kò sì já ẹnikẹ́ni mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ló kú, òjò ń rọ̀, a sì sin ín kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́. Ààfáà bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀ tí àwọn máa fi ṣe àdúà. Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, mo wo ẹni tó wà nítòsí, kí n tó dáhùn. Níbi ibojì o! Làmídì rí mi. Òun náà wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn fìdáù, mo gbìyànjú. Rùkáyà ń jẹun, mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé èékánná lé e lápá. Ó yíjú, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Mo ní kòkòrò ni. Ó ní, "Ẹ pa á o."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e lọ kí Làmídì ní Siporex. Àwọn ọmọ Làmídì ń sọ Faransé bí rédíò. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Já a léèékánná, Aminata. Ẹ̀mí rẹ̀ lò ń tọ́jú. Àwọn tèmi, pa wọ́n, wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n máa fi ké." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, ó sì dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹni tó ń pe òun. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

A wọ gbaka padà sí Adjamé, ọkọ̀ tó kún bí agolo sàdíìnì. A kò tíì rìn jìnnà tí ó fi dúró. Àwọn ọmọkùnrin ti gbé bẹ́ǹṣì dí títì. Ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Àwa tó bá ti tó ọjọ́ orí mi, ara wa mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú pákó lọ́wọ́, ó ki orí bọ fèrèsé tó wà lẹ́bàá mi, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń làágùn, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀.

Rùkáyà dúró láàárín orúnkún mi. Ó wò ó. Ó sì fi gbogbo ohùn tó ní sọ pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá!"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. "Elle dit quoi, la petite?" Kí ni ọmọ yìí wí?

Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí mi. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti gbó, ó ti dùn, láti kékeré ni wọ́n ti ń sè é fún mi. Mo wo pákó náà. Mo gbọ́ ohùn ara mi ní Faransé:

"Yorùbá ni. Ó ní ẹ kú iṣẹ́. Bí a bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a máa ń kí i."

"Iṣẹ́ wo?"

Òun náà wo pákó ọwọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń fi gbogbo nǹkan rẹ́rìn-ín, mi ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ orí jáde, ó fi pákó gbá ara ọkọ̀ gbàà, ó ní, "Allez, allez," pé kí a máa lọ. Awakọ̀ ń wá jíà, jíà kò wọlé.

Inú Rùkáyà kò dùn. "Màmá, bọ̀ọ̀dá ò dáhùn."

"Bóyá kò gbọ́ ni."

Mi ò bá tí sọ bẹ́ẹ̀. Ó gun itan mi, ó yọ orí sí fèrèsé. "Bọ̀ọ̀dá! Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọwọ́ mi ti dìde. Èékánná méjèèjì ti wà lára ẹran apá rẹ̀, níbi tó rọ̀ jù. Ọmọkùnrin náà ń yíjú bọ̀. Mo yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀, mo fi gbá a mú nídìí, kó má baà já bọ́ síta. Ọmọkùnrin náà gbé ọwọ́ tó fi mú pákó sókè. Mo di ojú. Jíà wọlé, ọkọ̀ fò.

"Ó ti dáhùn," ni Rùkáyà wí.

Mi ò mọ̀ bóyá ó dáhùn ni, àbí ó ń lé wa ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ̀. Mo ní, "Ó ti dáhùn, ọmọ mi," ní Yorùbá, ní ohùn tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́.